Mo ra Jeep àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà: ó ń jí, àmọ́ kì í dúró

TáyọOhio
Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti dáràn. Oṣù tó kọjá ni mo ra Jeep kan lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan níhìn-ín ní Ohio, ọ̀kan lára àwọn tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń pín lẹ́tà láyé ijọ́un. DJ-5C ni, ti ọdún 1974. Sitẹ́árìn wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń yọ́ lọ sẹ́yìn ni, kì í ṣí síta. Ìjókòó kan ṣoṣo ló ní. Ibi tó yẹ kí ẹnì kejì jókòó sí, pẹpẹ irin tí wọ́n ń to lẹ́tà sí ló wà níbẹ̀. $1,600 ni mo san. Ìyàwó mi ní ṣé lẹ́tà ni mo fẹ́ máa pín ni.

Ohun tó ń ṣe mí rèé. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á fa ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á gbà, ẹ ó gbọ́ ọ pé ó fẹ́ lọ. Bí mo bá ti ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ báyìí, ó kú. Kì í rọra kú o, ojú ẹsẹ̀ ni. Mo ti fọ táǹkì, mo ti pààrọ̀ fíltà epo, púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di ńlá fún púlọ́ọ̀gì), pọ́ìntì (ojú irin tó ń pa dé, tó ń ṣí, láti já iná kọ́ìlì) àti kọ̀ńdẹ́ńsà tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ti tó $200 tí mo ná sórí ohun tí ó dà bíi pé kò bàjẹ́. Ibo ló kù tí mi ò tíì wò?

Kúnlé Aláwàdà
Kábúrétọ̀ ni. Mọ́tò tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, kábúrétọ̀ ni. Tú u, fọ̀ ọ́, dè é padà, kó o wá mú mi jẹun.

Bàbá Sílíńdà
Kúnlé, rọra. Bó bá ṣe pé kábúrétọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́ kó tó kú, ọjọ́ mìíràn á sì gbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá kú ní kété tí ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ iná ni.

Táyọ̀ ọmọ mi, má fọwọ́ kan kábúrétọ̀ yẹn. Gba mítà, fi ẹnu pupa sí ẹnu kọ́ìlì tó jẹ́ ti pọ́sítíìfù, kó o fi ẹnu dúdú kan irin ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí "on" lásán, kó o ka ohun tí mítà sọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan fa sítátà, kó o tún ka a. Wá sọ nọ́ńbà méjèèjì fún mi. Pọ́ìntì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé nígbà tó o bá ń wọ̀n ọ́n o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà á ṣì ọ́ lọ́nà.

TáyọOhio
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin ló fa sítátà fún mi. Ní "on": òdo. Òdo gbáko, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí sítátà ń fà: 10 àti díẹ̀.

Bàbá Sílíńdà
Ó tán. A ti rí i mú.

Kọ́ìlì ayé ìgbà yẹn kò gbọ́dọ̀ máa jẹ fóltì 12 gbáko nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń jẹ ẹ́, á gbóná, á sì jó ojú pọ́ìntì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ta wáyà kan sáàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín iná kù. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, àárín ìdì wáyà tó kù ló wà, ó sì jọ wọ́n. Iná tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á ku nǹkan bíi 7 sí 9 kó tó dé kọ́ìlì.

Àmọ́ nígbà tí sítátà bá ń fa ẹ́ńjìnnì, agbára bátìrì á lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún dín iná kù lásìkò yẹn, ẹ́ńjìnnì kò ní gbà láé. Wọ́n wá la ọ̀nà àbùjá kan. Wo ríléè sítátà tó wà lára fẹ́ńdà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá rí ẹnu kékeré kan tí wọ́n kọ I sí. Ẹnu yẹn ló ń gbé iná bátìrì lọ bá kọ́ìlì tààrà, kìkì ìgbà tí sítátà bá ń ṣiṣẹ́. Ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ti.

Ọ̀nà àbùjá tìrẹ ṣì dára. Ọ̀nà gidi ló já. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbà lórí àbùjá, ó ń kú nígbà tó bá fẹ́ bọ́ sí ojú ọ̀nà tí kò sí mọ́.

Láti mọ̀ dájú, mú wáyà kan láti pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí pọ́sítíìfù kọ́ìlì, kó o sì fa sítátà. Bó bá dúró, tó ń ṣiṣẹ́, pa á nípa yíyọ wáyà náà (kọ́kọ́rọ́ kò ní pa á, má jẹ́ kí àyà rẹ já). Má fi wáyà yẹn rìn kódà yípo ilé. Ra résísítọ̀ alámọ̀ funfun tí wọ́n ń dè mọ́ ara ògiri ẹ́ńjìnnì, èyí tí óòmù rẹ̀ tó 1.35 tàbí tó sún mọ́ ọn, kó o fi rọ́pò wáyà tó já. Irin ni kó o dè é mọ́, kó jìnnà sí ọ̀pá epo, torí ó máa ń gbóná tó lè jó ọwọ́. Kó o sì wo ara kọ́ìlì tuntun tó o rà: bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé résísítọ̀ ti wà nínú rẹ̀, dá a padà.

TáyọOhio
Bàbá!!! Ó DÚRÓ! Mo gbọ́ ìró sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èéfín kún gáréèjì, ìyàwó mi sáré jáde pé kí ló ń jó. Mo ti béèrè résísítọ̀, á dé ní Ọjọ́bọ̀.

Kúnlé Aláwàdà
Mo gba kábúrétọ̀ mi padà. Oúnjẹ yẹn ńkọ́?

Àǹtí Onílẹ́tà
Táyọ̀ àbúrò mi, o kú oríire. Èmi ni mo ń pín lẹ́tà ní abúlé ní Georgia. Ní ọ̀nà abúlé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo mọ́tò tara wa, wọ́n á máa san owó ìtọ́jú mọ́tò fún wa lórí rẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àwọn Jeep yẹn ṣe pẹ́ lójú títì lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tà wọ́n: mọ́tò tí sitẹ́árìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, wúrà ni lọ́wọ́ agbélẹ́tà. Mo lo ọ̀kan kí n tó bọ́ sínú Subaru tó ní sitẹ́árìn ọ̀tún.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn. Má jẹ́ kí iye máìlì tó wà lára mítà rẹ tàn ọ́. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà márùn-ún péré ló ní. Bó bá dé 99,999 á padà sí òdo, o ò lè mọ iye ìgbà tó ti yí. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: máìlì mọ́tò lẹ́tà kì í ṣe máìlì. Ọ̀nà tí mo ń rìn nígbà yẹn ní àpótí 430. Ìyẹn ni pé ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, mo tẹ bíréèkì nígbà 430, mo tú u sílẹ̀ nígbà 430, gíà gba ẹrù nígbà 430, kí n tó rin ọ̀nà tí ẹlòmíràn á fi lọ ra búrẹ́dì. Ti ìgboro tún burú jù ní apá kan: wọ́n á páàkì, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fẹsẹ̀ rin òpópónà kan, wọ́n á padà wá jí i. Sítátà àti kọ́kọ́rọ́ ló ń jìyà ibẹ̀. Wáyà tìrẹ tó já yẹn, kò yà mí lẹ́nu.

Torí náà, ibi tó o fi máa yẹ̀ ẹ́ wò ni ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ agbélẹ́tà ń dé: bíréèkì, bíréèkì ọwọ́, sítátà, ihò kọ́kọ́rọ́, òpó ìjókòó, kẹ̀kẹ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún. Wo pẹ́dà bíréèkì rẹ, wàá rí i pé rọ́bà rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè má rẹ̀ rárá.

Jọ̀ọ́, má gbé e jáde kó o tó tú bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀ ọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, kí ló dé tí ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò lẹ́tà kò kúkú ra èyí tí à ń rí lójú pópó báyìí? Èyí funfun, tí imú rẹ̀ kúrú, tó jọ fíríìjì.

Dàpọ̀ Onípáàtì
Fíríìjì ì bá tutù! Èyí tí ò ń wí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù rárá. LLV ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mọ́tò ẹlẹ́mìí gígùn. Grumman ló kọ́ ọ láti 1987 títí dé 1994, iléeṣẹ́ kan náà tó kọ́ ọkọ̀ tó gbé àwọn èèyàn sọ̀ sórí òṣùpá ní 1969. Aluminiọ́mù ni ara rẹ̀, férémù Chevrolet S-10 ló wà nísàlẹ̀. Ara kì í dípẹtà, férémù ló ń jẹrà.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kì í sábà tà á fún aráàlú. Bí ó bá ti kọṣẹ́, wọ́n ń fọ́ ọ ni, wọ́n á yọ ohun tó bá wúlò nínú rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń rìn. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé iṣẹ́ arọ́pò rẹ̀ fún Oshkosh Defense, tuntun yẹn ti wà lójú títì láti 2024, síbẹ̀ LLV ṣì pọ̀ níta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò lẹ́tà tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé, Jeep DJ-5 ni kó wá.

Táyọ̀, ọ̀rọ̀ páàtì tó kàn ọ́. DJ-5 kì í ṣe mọ́tò kan, agboolé ni. Lẹ́tà A, C, G tàbí L tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ ni kó o máa pè fún ẹni tó ń ta páàtì. 5A ti 1968 sí 1970, ẹ́ńjìnnì Chevrolet onísílíńdà mẹ́rin ni. Tìrẹ, 5C, ẹ́ńjìnnì 232 onísílíńdà mẹ́fà ti AMC, iléeṣẹ́ tó ni Jeep nígbà yẹn. 5G ti 1979, ẹ́ńjìnnì Audi ló wà nínú rẹ̀, o gbọ́ mi dáadáa, Audi. 5L ti 1982, ti Pontiac, irú èyí tí wọ́n wá fi sínú LLV nígbà tó yá. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Bó o bá kàn sọ pé "Jeep lẹ́tà", wọ́n á fi páńpù omi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí ọ.

Má sì ra ríìmù torí pé wọ́n ní ti CJ-5, Jeep aráàlú ayé ìgbà yẹn, ni. Wọn ihò bóòtì rẹ kó o tó sanwó.

TáyọOhio
Bọ̀dá Dàpọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣọ́ọ̀bù kan (n kò ní dárúkọ) fi ideri dísítíríbútọ̀ onísílíńdà mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Mo dúró, mo ń ka ihò: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mo tún un kà bíi pé á pọ̀ sí i.

Kúnlé Aláwàdà
Àwáàdà ti tó. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ yọ sílíńdà mẹ́fà yẹn, ẹ fi V8 304 ti AMC sínú rẹ̀. Ó máa wọlé. Mo ti rí ẹni tó ṣe é.

Bàbá Sílíńdà
Àwa náà rí ẹni tó ṣe é. Ṣé o rí bíréèkì tó fi dá a dúró? Mọ́tò kúkurú, fífẹ́ rẹ̀ kéré, ó ga, bíréèkì dáràmù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ṣe é kó máa rìn láti àpótí lẹ́tà kan dé òmíràn. 232 yẹn tó lítà 3.8, ó ti ju agbára tí ara rẹ̀ lè gbé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó lọ ra ohun tí wọ́n ṣe fún eré.

Kúnlé Aláwàdà
Bàbá, ẹ̀yin ẹ fẹ́ kí gbogbo wa máa rìn bí ìgbín.

Bàbá Sílíńdà
Ìgbín kì í wọ kòtò.

TáyọOhio
Ẹ̀yin àgbà mi, mo ní ìjẹ́wọ́. Résísítọ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ bí mo ṣe wí, mo dè é, mọ́tò jí, ó dúró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ Àǹtí. Mo ní kí n kàn rìn dé ẹnu géètì kí n padà. Ilẹ̀ wa dà díẹ̀ sí títì. Mo tẹ bíréèkì: pẹ́dà lọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo fa bíréèkì ọwọ́, ó ké, kò mú. Àpótí lẹ́tà tiwa fúnra wa ló dá mi dúró. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ọkọ̀ lẹ́tà wó àpótí lẹ́tà.

Kò sẹ́ni tó fara pa, bọ́ńpà nìkan ló tẹ̀. Mo ti gbé e sórí sítáǹdì báyìí. Dáràmù ẹ̀yìn ọ̀tún kọ̀ kò jáde. Mo fi òòlù onígi lù ú yípo fún bí wákàtí kan kó tó fò jáde. Ohun tí mo rí: ìpẹtà pupa bí ata gbígbẹ, nǹkan dúdú tó ń yọ̀ ní gbogbo inú rẹ̀, sípíríǹgì kan já sí méjì. Àwọn ṣúù tó ń tẹ inú dáràmù láti dá táyà dúró ṣì nípọn o, bíi tuntun. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn.

Àǹtí Onílẹ́tà
Mo dúpẹ́ pé àpótí lẹ́tà ni. Táyọ̀, ọmọ rẹ máa ń ṣeré níbẹ̀! Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Bàbá Sílíńdà
Ohun dúdú yẹn, epo bíréèkì ni, wíìlì sílíńdà, èyí tó ń ti ṣúù lẹ́sẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, ló ń jò. Pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pààrọ̀ máítà sílíńdà tí pẹ́dà ń tì, pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣúù tí epo ti bá, bó ti wù kó nípọn tó, jù ú nù. Má fẹnu fẹ́ eruku inú dáràmù, má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ṣúù ìgbà yẹn ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Fi omi ìfọ-bíréèkì rẹ ẹ́ kó o tó nù ún kúrò.

Nípa pẹ́dà tó lọ sílẹ̀: ó lè má jẹ́ jíjò nìkan. Ṣúù dáràmù ń jìnnà sí dáràmù bó bá ṣe ń jẹ, ẹ̀rọ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fún un padà fúnra rẹ̀. Ìgbà wo ló ń fún un? Ìgbà tí mọ́tò bá ń fi rífáàsì rìn tí wọ́n sì tẹ bíréèkì.

Àǹtí Onílẹ́tà
Ẹ wo nǹkan, Bàbá! Ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ ni pé ká má fi rífáàsì rìn bí a bá lè yẹra fún un, torí ọmọdé tó lè wà lẹ́yìn mọ́tò. Ọdún mélòó ni Jeep yẹn fi ń lọ síwájú nìkan?

Bàbá Sílíńdà
Ó yé ọ. Táyọ̀, fi ọwọ́ fún un fúnra rẹ: yí irin onírawọ̀ tó wà nísàlẹ̀ títí táyà kò fi ní yí mọ́, kó o wá tú u padà díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi gbọ́ ìfaragbún fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, lọ síbi tó ṣófo, fi rífáàsì rìn kó o sì máa tẹ bíréèkì, bí ìgbà mẹ́wàá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Àmì idì tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ràn àwọn ìlà pupa àti àwọ̀ búlúù yẹn.

Dàpọ̀ Onípáàtì
Ìlà wù ẹ́, fi ìlà sílẹ̀. Àmì idì àti àkọlé, ohun ìní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni. Kùn ún bo. Ta ló fẹ́ kí ọlọ́pàá dá òun dúró, kó béèrè pé lẹ́tà ta lò ń gbé?

Ní ti nọ́ńbà, ní Ohio, mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 25 lè gba nọ́ńbà ìtàn. Àmọ́ òde ìfihàn, ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ àti ìrìn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni wọ́n fún un, kì í ṣe ibi iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bó o bá fẹ́ fi ra ọjà lójoojúmọ́, gba nọ́ńbà gbogboogbò.

TáyọOhio
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Bíréèkì ti mú, pẹ́dà le bí òkúta. Àmọ́ gíà tún fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Mo yọ ọ̀pá gééjì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó wà ní páàkì, ó fi hàn pé epo ti kọjá ààlà. Mo fa díẹ̀ jáde. Báyìí, bí mo bá fi sí D, á ronú fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ.

Bàbá Sílíńdà
Dá epo rẹ̀ padà! Gíà Chrysler ni, TorqueFlite, tí AMC ń pè ní Torque-Command. Ní páàkì, epo kì í wọ inú kọ̀ńfátà (ìkòkò epo tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà), ìsàlẹ̀ ló ń kóra jọ sí, ni gééjì á fi purọ́ fún ọ. Jẹ́ kí mọ́tò gbóná, tẹ bíréèkì, gbé e gba gbogbo ojú gíà kọjá, fi í sí fíríì, nígbà náà ni kó o ka gééjì.

TáyọOhio
Ní fíríì ó lọ sílẹ̀ gan-an lóòótọ́. Mo dá lítà kan padà, kò ronú mọ́.

Mo gbé e jáde lánàá, máìlì mẹ́fà. Àǹtí, ẹ kò sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ yà sósì tàbí kí n kọjá ẹni iwájú, mi ò ní rí nǹkan kan! Mo wà lẹ́yìn tírélà kan títí mo fi délé. Nígbà tí mo dúró níwájú ilé, ìyá àgbà tó wà ní òdìkejì jáde pẹ̀lú ṣálí lọ́rùn, ó ní ṣé káàdì òun ti dé.

Ohun tó kù ni ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ó ń ké bí ewúrẹ́, ó sì máa ń há láàárín. Mo ti fi gíríìsì sí ojú irin tó ń rìn lórí rẹ̀, ó tún burú sí i.

Àǹtí Onílẹ́tà
Ra díńgí tó tóbi sápá òsì, kó o sì fi ọ̀kan tó rí róbótó kún un nísàlẹ̀.

Ilẹ̀kùn: nu gíríìsì yẹn kúrò pátápátá, iyanrìn ló ń kó jọ. Fi kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ojú irin náà, jẹ́ kó gbẹ, kó o fín epo tó máa ń gbẹ sí i, irú èyí tí wọ́n ń fín sí ihò kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, yọ kẹ̀kẹ́ òkè wò. Bó bá ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, yí i padà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wá sísàlẹ̀. Tèmi lo ọdún mẹ́rin sí i bẹ́ẹ̀.